Kànga Sàráà àti Okùn Jígí Làtíífàt

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2025, obìnrin kan dúró níwájú ilé kéwú kan lẹ́bàá ọ̀nà Èrúwà sí Lanlate, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga ibẹ̀ mọ́. Èèyàn mẹ́ta jẹ́rìí sí ọjọ́ náà, ó sì wà nínú ìwé tí obìnrin náà ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ohun tí wọn ò fẹnu kò lé lórí ni bóyá orí rẹ̀ pé.

Làtíífàt lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ àgbẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èrúwà. Rùkáyyàh, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń kéwú níbi kànga yẹn. Nígbà tó yá, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ náà tó bá ti dé láti ilé kéwú. Kò sí dókítà kankan tó sọ pé omi ló fà á. Làtíífàt ò dúró de dókítà. Ó gbójú wo òkè ibi tí kànga wà, ó rí àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń fún ẹ̀gẹ́ fún gààrí, ó rí omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀. Ó lọ mú irinṣẹ́ wá.

Irinṣẹ́ náà ò ju okùn jígí kan lọ, tín-ín-rín bí irun orí, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Làtíífàt bó ike ara rẹ̀ níbì kan. Wọ́n bá a fi wúrà kun ojú ibẹ̀ ní Ìbàdàn, wúrà tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú lè wọ̀n lọ. Orí wúrà yẹn ni wọ́n wá tẹ́ gírafíìnì lé, ẹbí èédú, ìbátan dúdú inú pẹ́ńsùlù. Tí iná bá ń gba inú okùn kọjá, wúrà á gbé àwọ̀ kan mì lára iná náà. Tí nǹkan inú omi bá lẹ̀ mọ́ gírafíìnì, àwọ̀ tí wúrà ń gbé mì á yí padà, a ó sì rí i lójú kọ̀ǹpútà bíi kòtò lórí ìlà kan, tó ṣí kúrò láyè rẹ̀. Irinṣẹ́ náà lè sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò lè dárúkọ rẹ̀. Làtíífàt mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò sọ ọ́: bí kòtò ṣe sá nínú omi kànga, ó ní májèlé ni.

Bàbá Àbdùlàhí ló gbẹ́ kànga náà, ó fi ṣe sàráà fún baba rẹ̀ tó ti kú. Ìbàdàn ló ń gbé, ó kàn máa ń wá wolé ni. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Làtíífàt, sàráà baba mi lo pè ní májèlé?"

"Omi ni mo pè bẹ́ẹ̀, Bàbá. N ò pe baba yín."

"Ó dáa." Ó nawọ́ sínú mọ́tò rẹ̀ tó ti wà lóòrùn láti àárọ̀, ó mú ike omi tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ti mu dé ìdajì. "Ti okùn rẹ bọ eléyìí náà."

Làtíífàt tì í bọ̀ ọ́. Kòtò ojú kọ̀ǹpútà sá lọ ju bó ṣe sá nínú omi kànga lọ.

Ẹ̀rín bú. Ìyá Tàófíìk, olórí àwọn elégààrí, pàtẹ́wọ́. "Wúrà tí kò ṣeé so mọ́ etí! Ìyá Rùkáyyàh, lọ fi rọ yẹtí fọ́mọ ẹ jàre."

Làtíífàt ká okùn rẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó délé tó tún ojú ìwé wò ló rí ohun tí ìbínú ò jẹ́ kó rí: nínú omi kànga, kòtò náà sá sọ́tùn-ún, nínú omi mọ́tò, ó sá sósì. Ooru ló tì í sósì. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé omi kànga tutù, òtútù nìkan sì lè ti kòtò sọ́tùn-ún. Ó lè jẹ́ pé irọ́ lòun pa mọ́ kànga.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé. Làtíífàt padà lọ ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù náà. Ó yá àmù ńlá kan, ó gbé e sábẹ́ ìbòòji ilé kéwú, ó pọnmi sí i, ó ri ìgò mẹ́ta bọ inú rẹ̀ dé ọrùn: omi kànga, omi ẹ̀rọ Èrúwà, àti omi ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ló rì wọ́n. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìrun àsárì kóun tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ṣé o fẹ́ sè wọ́n ni?" Ìyá Tàófíìk ló tún dé, pẹ̀lú korobá lọ́wọ́.

"Rárá, Mà. Mo fẹ́ kí ara gbogbo wọn tutù bákan náà ni."

Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó ti okùn bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ṣọ́ọ̀bù: kòtò ò mira. Omi ẹ̀rọ: kò mira. Omi kànga: ó ṣí sọ́tùn-ún, kò tó ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójú wọn.

"Mo ṣì í sọ lọ́jọ́sí," ó ní. "Ooru àti òtútù tàn mí jẹ. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí mi. Lónìí, kò sí ooru, kò sí òtútù. Nǹkan wà nínú omi yìí tí kò sí nínú ìyókù. N ò mọ orúkọ ẹ̀. Màá gbé ìgò kan lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á bá mi wádìí ẹ̀. Títí n ó fi dé, ẹ dé kànga yìí."

"Kò sẹ́ni tó máa dé kànga baba mi nígbà tí mo wà láyé," Bàbá Àbdùlàhí, tó tún wá wolé lọ́jọ́ náà, dáhùn. "Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ kọ́mọ ẹ kéwú níbí mọ́, mú un lọ."

Làtíífàt gba korobá lọ́wọ́ Ìyá Tàófíìk, ó fa omi láti inú kànga, ó bu ife kan. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ gbà, Bàbá, ẹ mu ún. Tẹ́ ẹ bá mu ún, màá lọ sílé."

"Òǹgbẹ ò gbẹ mí."

Làtíífàt ò dìde. Ìyá Tàófíìk wo bàbá náà, ó wo ife.

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ já irọ́ mi," Làtíífàt ní, "inú mọ́tò lẹ ti lọ mú omi, kì í ṣe inú kànga. Ìgbà wo lẹ mu omi sàráà yìí kẹ́yìn, Bàbá?"