Ewúro Inú Ọtí Ìyá Àgbà

Aládùúgbò wa tó ń fọ́ òkúta lórí òkè ló kọ́kọ́ tu ọtí náà sílẹ̀. Ó gbé igbá kúrò lẹ́nu, ó fajú ro, ó wo ìyá tó bí ìyá mi.

"Ìyá, kí lẹ fi sí i? Ó korò bí àgbo ibà."

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí i. Ó gba igbá náà, ó mu díẹ̀, ó ń yí i kiri ẹnu bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Àìsàn kan ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà ọyẹ́ títí a fi rò pé kò ní dìde mọ́. Ó dìde, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín adùn àti ìkorò mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí afọ́kúta náà tu ọtí sílẹ̀ la tó mọ̀.

Ní ìlú Dassa nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1960, ta ni kò mọ ọtí rẹ̀? Ọkà bàbà ló fi ń pọn ọ́n, ṣakpaló la sì ń pè é. A ó rẹ ọkà sómi títí yóò fi hù, a ó sá a sórí àpáta gbígbóná, a ó lọ̀ ọ́, yóò wá sè é títí agboolé yóò fi máa rùn bí oyin tó jóná. Ó ń pọn ṣakpaló dídùn fún àwọn obìnrin ìjọ Fàdá, èyí tó kan fún àwọn àgbẹ̀, àti líle fún ọjọ́ ìnáwó. Ewúro kan náà ló ń fi sí gbogbo wọn: ewúro eléwé wẹ́wẹ́ tó ń hù láàárín òkúta, tí ìkorò rẹ̀ kò le bíi ti inú ọgbà. Kì í jẹ́ kí dídùn tètè súni, ó ń dín agbára kíkan kù, ó sì ń mú kí líle rọra gba ọ̀fun kọjá.

"Bí o bá mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ó ti pọ̀ jù," ni ó máa ń wí. "Bí kò bá sì sí níbẹ̀, o kò ní bèèrè igbá kejì."

Ìgbéyàwó àbúrò ìyá mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi ní, "Ìyá, ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ ká ra ọtí lọ́jà Glazoué."

"Kí àwọn àna mi wá mu ọtí ẹlòmíràn nílé mi? Ó tì o!"

Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kéékèèké kò kúrò lórí iná. Ìyá àgbà máa ń pe afọ́kúta yẹn àti opó kan tó ń gbá ilé Ọlọ́run, yóò bu ọtí fún wọn, yóò sì jókòó kọjú sí wọn.

"Ó dára, Ìyá," ni opó náà wí lọ́jọ́ kan.

"Irọ́ ni. Ọtí ṣì wà nínú igbá rẹ. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà mu."

Ọ̀fun wọn ló ń wò, àti iwájú orí wọn. Lẹ́yìn náà yóò padà sídìí ewé, yóò fún un sínú omi, yóò máa wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe ga tó. Bí wọ́n bá fajú ro, yóò dín ewé kù. Bí wọ́n bá gbé igbá sílẹ̀ láìmu ún tán, yóò fi kún un. Díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́ ohun tí ahọ́n ti gbàgbé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá ọkọ ìyàwó wá láti Gbaffo. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í yin nǹkan. Ó mu ọtí líle náà tán. Ìyá àgbà ń wo ọ̀fun rẹ̀, ó di etí aṣọ tirẹ̀ mú. Bàbá náà na igbá síwájú.

"Àna mi, ẹ tún bù ú wá."

Lẹ́yìn ilé ìdáná, mo bá Ìyá àgbà níbi tó ti ń mu tirẹ̀.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti ń mọ adùn rẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ó tutù." Ó mu ún tán.

Adùn yẹn kò padà títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni kò dẹ́kun ọtí pípọn títí apá rẹ̀ kò fi ká omorogun mọ́.

Ní tèmi, aṣọ ni mo ń rán. Ojú mi ti ń ṣú báyìí, àwọn ọmọ mi sì ní kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ti ń kọ́ bí ìka ṣe ń mọ etí aṣọ láìsí ìrànlọ́wọ́ ojú. Lánàá mo gé bùbá kan bàjẹ́. Láàárọ̀ yìí mo ti tẹ́ aṣọ mìíràn.