Ehoro Ọkọ Mi àti Ẹ̀wù Tó Ń Sùn Lé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ehoro kan. Ehoro o! Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀.

Ọkọ mi ló rà á. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí ọ̀sà Àgbádárìgì níbí. Lánlọ́ọ̀dù wa ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ ẹran ọ̀sìn nínú fúláàtì òun, ni ọkọ mi bá sọ ehoro náà ní Tẹ́náǹtì. Ó ní ta ló máa lé tẹ́náǹtì tí kì í pariwo? Tẹ́náǹtì jẹ wáyà fáànù wa, ó jẹ etí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń yàgbẹ́ wóróworo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń gbá a? Èmi náà ni!

Inú páálí ló ń sùn, lórí ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ mi kan tó ti gbó. Òórùn epo bẹntiróò ò kúrò lára ẹ̀wù náà. Tí mo bá mú un kí n fọ̀ ọ́, Tẹ́náǹtì ò ní jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹ má bi mí ní púpọ̀. Gbogbo èèyàn ń sunkún, èmi ò sun. Ara mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Mò ń fún Tẹ́náǹtì ní ewé ọ̀dùnkún, mò ń gbálẹ̀, ó parí.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, àwọn ẹbí ọkọ mi dé láti Ìkògà láti pín ẹrù rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á tú àpótí, ìyàwó á panu mọ́. Wọ́n pín aṣọ dórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín bàtà. Àfi bí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá ọkọ mi, ṣe rí Tẹ́náǹtì. Wọ́n ní ẹran yìí ńkọ́, ṣé olóògbé ló ni ín? Ẹnì kan ní olóògbé ni. Wọ́n ní ó dáa, á wúlò fún ọbẹ̀. Wọ́n gbé e tòun ti páálí.

Kí ni mo sọ? Mo ní kí wọ́n máa lọ ire. Ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́ kejì, mo gé ewé ọ̀dùnkún, mo gbé e dé ibi tó máa ń wà. Kò sí páálí níbẹ̀. Mo ṣí wọ́dúróòbù, òfìfo. Kò sóhun kan nínú ilé náà tó ní òórùn ọkọ mi mọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀wù tó kù, abẹ́ ehoro ló wà! Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkògà, ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìkòkò wà lórí iná lóòótọ́. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni. Mo yí sẹ́yìn ilé, mo sì bá Màámi, ìyá ọkọ mi, níbẹ̀, Tẹ́náǹtì wà lórí itan wọn. Ẹja ni wọ́n ń sè.

Màámi ní Bàbá Kékeré ti pọ́n ọ̀bẹ. Àmọ́ bí àwọn ṣe fa ẹ̀wù yọ nínú páálí, òórùn ọmọ àwọn ni àwọn gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ pa ehoro yìí, kó kọ́kọ́ pa àwọn.

"Ovi ṣie," ni wọ́n pè mí, ọmọ mi ni wọ́n ń wí ní èdè Ègùn. "Èmi náà ò tíì sunkún o. Wọ́n ń sọ pé mo lágbára. Ṣé agbára nìyí?"

Mo na ewé ọwọ́ mi sí Tẹ́náǹtì. Wọ́n bi mí bóyá torí ehoro ni mo ṣe wá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wọlé mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé ẹ̀wù náà sí méjì láti ọrùn délẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìdajì tó ní àpò, wọ́n wá gbé ehoro sínú páálí rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà délé, Lánlọ́ọ̀dù pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, páálí náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ibòmíràn. Mo tẹ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, Tẹ́náǹtì dùbúlẹ̀ sí i, èmi náà gbé orí mi lé etí ẹ̀wù náà. Ẹkún ò wá. Oorun ló wá, irú èyí tí mi ò sùn látọjọ́ tí ọkọ mi ti kú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, bí ẹ bá fẹ́ pín ẹrù òkú, ẹ kọ́kọ́ bi ìyàwó ohun tó fẹ́ mú. Ẹ má sì rò pé ọ̀ràn náà ò dun ẹni tí kò sunkún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ mú pamọ́ lára ohun tí èèyàn yín lò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Tẹ́náǹtì ti ń jẹ etí ẹ̀wù tèmi, mi ò sì lè lé e kúrò lórí rẹ̀.