"Eyin" Tí Kò Lámì Lórí

Ìyàwó mi mọ sáyẹ́ǹsì, n ò ní purọ́. Àmì ohùn ni kò kà sí. Ó ní ìyọnu tèmi nìyẹn, torí èmi ni mò ń kọ́ni ní Yorùbá. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Emùré, kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ògiri tó pín wa kò sì kan òrùlé. Kò sí ohun tó ń sọ níbẹ̀ tí n kì í gbọ́. Nílé ńkọ́? Ìyẹn kò tún ní ògiri rárá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ kan, ó fẹ́ fi han àwọn ọmọ kéékèèké rẹ̀ bí fíníkà, omi kíkan tí wọ́n ń dà sí sàláàdì, ṣe ń jẹ èèpo ẹyin adìẹ títí yóò fi ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó kọ̀wé sí àwọn òbí lórí Wáṣáàpù: "E jowo, ki omo kookan mu eyin kan wa lojo Aje."

Mo yọjú wò ó. Mo ní, "Ìyá wọn, eyin wo?"

Ó ní, "Bàbá wọn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni kò yé."

Ẹ̀yin náà tún rèé!

Nígbà tó dọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ ọmọ mú ẹyin wá, àwọn kan tilẹ̀ ti sè é. Bàbá kan tó ń dáko kòkó gun ọ̀kadà dé, ó sọ odidi ìdì ẹyìn kalẹ̀ gbì lẹ́nu ọ̀nà, ẹyìn tí a fi ń ṣe epo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní ẹyìn kan, àmọ́ ojú ń tì mí láti mú ẹyọ kan ṣoṣo wá." Mo rẹ́rìn-ín títí ṣọ́ọ̀kì fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ ẹ̀rín mi.

Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò mú ẹyin, tí kò sì mú ẹyìn. Nígbà tí ìyàwó mi pín ife, tó bu fíníkà sí i, tó ní kí oníkálukú ju tirẹ̀ sínú rẹ̀, ọmọ náà tú bébà kékeré kan, ó rọra ju ohun tó wà níbẹ̀ sínú ife tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Wọ́n bo àwọn ife náà, ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ariwo ayọ̀ sọ. Èèpo ti lọ, ẹyin rọ̀ múlọ́múlọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ń kéde pé, "Ẹ ò rí i? Fíníkà ti jẹ ẹ́ tán!" Ni ẹkún bá bẹ́ láàárín kíláàsì.

"Àǹtí, ṣé ó ti jẹ tèmi náà tán?"

"Ẹyin tìrẹ dà?"

Ọmọ náà la ẹnu. Eyín iwájú kan kò sí níbẹ̀.

Kí n tó mọ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Pẹ̀lú ẹkún ló fi ṣàlàyé. Eyín rẹ̀ yọ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀ àgbà ní kó sọ ọ́ sórí òrùlé pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ iye ọdún rẹ̀, kí alángbá tó rí ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíràn ò ní hù mọ́ láé. Ìyá rẹ̀ ló ka iṣẹ́ tí Àǹtí rán sí eyín, ni òun bá bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ mú un wá síléèwé. Àwọn aláìlójútì tó wà lẹ́yìn ti ń pè é ní ìyá arúgbó. Àánú ọmọ náà ṣe mí débi pé n ò rántí fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó mi ti ọwọ́ bọ inú ife, ó wá a, ó wá a, ó mú eyín náà jáde. Ó kàn pàwọ̀ dà díẹ̀ ni. Ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó ní eyín tuntun ti wà nínú èrìgì tipẹ́, òun ló ti ti àtijọ́ jáde, kò kan òrùlé, kò kan alángbá. Ó ṣàlàyé yékéyéké. Ọmọ náà gbọ́ ọ dópin, ó nu imú, ó wá béèrè pé:

"Àǹtí, ṣé alángbá mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó mi wò mí. Èmi náà gbójú sókè, mò ń wo páànù.

Ló bá dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó bọ́ síta. Obìnrin tó ní kò kan alángbá ló ń lé alángbá kiri ara ògiri lọ́sàn-án gangan: "Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ kọjú sọ́hùn-ún!" Èmi ni mo ṣa òkúta, iye ọdún ọmọ náà. Ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ mọ́ eyín, ó sọ wọ́n sókè. Wọ́n dún lórí páànù, àwọn kan ń yí bọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi di apá mi mú tó fi dùn mí.

"Eyín yẹn kò bọ́ sílẹ̀, àbí? Ẹ sọ fún mi, kò bọ́?"

Oòrùn mú mi lójú, n ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Kò bọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ọmọ náà sì la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ wo ibi tí alángbá wà mọ́.