Ọ̀nà Tó Gba Inú Oko Olóko Kọjá

Òórùn àgùntàn tí òjò pa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn tó dára, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ara ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn wa ló ti ń wá, èyí tí ìyá àgbà onílé tí a wọ̀ sí lọ́dọ̀ sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù rẹ̀, ó wá dà pọ̀ mọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti ti koríko tútù tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Abúlé kékeré kan ni, ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ilé olókùúta bíi ogójì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti afárá kan lórí odò tí ọmọdé lè fò kọjá. Èmi, ìyàwó mi, àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà la jókòó ti tábìlì, à ń jẹ ẹyin àti tòmátì díndín, kò sì sí ẹni tó ń kánjú nínú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi rin irú abúlé bẹ́ẹ̀ kiri, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, báàgì wa lẹ́yìn wa. Ìgbà tó bá rẹ̀ wá jù la máa ń wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ìròyìn ìrìn-àjò yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Riverdale Park, ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín wa ní Prince George's, ní Maryland, nígbà yẹn, nígbà tí fóònù ọwọ́ wa ṣì jẹ́ èyí tí à ń ṣí bí ìwé. Ẹni tó bá rí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbà, ilé ló ń lọ, láti lọ wo ibi tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ dé tàbí láti lọ sìnkú. Ta ló ń wọ bàálù láti lọ fẹsẹ̀ rìn nínú koríko? Bàbá ìjọ kan tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí koríko ní Maryland mọ́ ni, àbí ẹ ti gé e tán?" Ìyàwó mi, tíṣà tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti ń sáré nílùú yìí, sà. Ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀." Òfin kan ṣoṣo ló sì fún wa kí a tó gbéra: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kánjú.

Ìdí tó sọ fáwọn èèyàn nìyẹn. Ìdí tó wà nínú ilé yàtọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi bò.

Iṣẹ́ sọfiyọ̀ ni mo kọ́ n'Íbàdàn, òun náà ni mo ń ṣe jẹun ní Maryland. Mo máa ń wọn ilẹ̀, mo máa ń ya máàpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, mo ṣàkíyèsí pé ọgbà tí aládùúgbò wa tuntun ní Temple Hills ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ti wọ inú ilẹ̀ mi. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo mú téèpù ìwọnlẹ̀ jáde sẹ́yìn ilé, ọmọ mi di orí kan mú, èmi di èkejì mú. A ò tíì wọn ibì kan tí ọkùnrin náà fi jáde, fóònù lọ́wọ́, ó ní, "Can I help you?" Kò sẹ́ni tó gbé ní Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ pé kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan nínú gbólóhùn yẹn. Èmi sọfiyọ̀, tí ìwé ilẹ̀ mi wà nínú àpò mi, mo ní, "Sorry, sir." Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ká téèpù mi, mo bá wọlé lọ. Lórí ilẹ̀ ara mi o!

Ọmọ mi tẹ̀ lé mi wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ dípò mi. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá béèrè nǹkan, tí ẹni tó ń tajà bá ní òun kò gbọ́, kí n tó la ẹnu ni ọmọ náà á ti bọ́ síwájú mi: "What my dad means is..." Kò ṣe é pẹ̀lú àrífín. Àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù. Ọmọ ọdún méjìlá ń ṣàánú bàbá rẹ̀, ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn tí ń ta búrẹ́dì. Ojú tì mí débi pé mo ń rán ìyàwó mi ní ohun tó yẹ kí n fúnra mi lọ rà. Ìyàwó mi rí i, òun ló sì ní ká lọ rìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni mo kọ́ "sorry" yẹn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ fún ara wa ni pé, ẹ má fa wàhálà, àlejò ni wá. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú títí mo fi gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tí mo ra ilé, tí mo bímọ síbẹ̀, mi ò sì rántí jù ú nù.

Òfin àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ti wà tipẹ́ lè gba àárín oko olóko kọjá, ẹnikẹ́ni ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn ín. Wọ́n yà á sínú máàpù wọn, ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Máàpù náà dára, ó yé mi yékéyéké, síbẹ̀ mi ò gbà á gbọ́. Bí a bá ti dé ẹnu géètì oko kan, èmi á ní ká yí gba títì. Ìyàwó mi á wò mí láti òkè délẹ̀. "Sọfiyọ̀ tó ń sá fún máàpù rèé o." Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí wọn kiri báyìí, tí ìrìn wákàtí kan ń di wákàtí mẹ́ta, tí ọmọ mi ń tẹ̀ lé wa láìbéèrè ohunkóhun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nílé ìyá àgbà tó sá ìbọ̀sẹ̀ wa yẹn, bàtà ti bó ọmọ mi ní gìgísẹ̀. Ìyá náà júwe ọ̀nà fún wa. Ó ní tí a bá gba inú oko, máìlì kan péré ni abúlé tó kàn, ṣùgbọ́n tí a bá gba títì, máìlì mẹ́fà ni, àwọn ọkọ̀ ńlá ibẹ̀ kò sì ń fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí a dé géètì, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kò dúró gbọ́ ọ, ó ti ṣí géètì, ó wọlé. A rìn dé àárín pápá náà, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kejì ti hàn sí wa lókèèrè, ni tirakítọ̀ kan bá sáré wá, ó dúró dínà mọ́ wa. Ọkùnrin tó wà lórí rẹ̀ tó ọjọ́ orí mi. Ó ní, "Can I help you?" Ó ní ilẹ̀ òun ni, kí a padà síbi tí a ti wá.

Kó tó pa ẹnu dé ni tèmi ti jáde: "Sorry, sir."

Mo wo ọmọ mi. Kò bínú, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká padà, ó ti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó yẹn sí ọ̀nà tí a gbà wá, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí nìyẹn. Inú bí mi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu ara mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí kí n tó bínú sí ọkùnrin yẹn. Mo rántí oko bàbá bàbá mi lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Oko ẹlòmíràn mẹ́ta ni ọ̀nà tiwa là kọjá. Olóko á máa ro oko rẹ̀, bàbá á ní "ẹ kú iṣẹ́ o," wọn á jẹ́ ẹ, a ó sì máa lọ. Bàbá yẹn kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí nítorí pé ó ń rìn.

Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Dúró. A ò padà." Mo kọjú sí ọkùnrin náà, mo ní kó bá mi dá "sorry" yẹn padà, n kò ní in lọ́kàn. Mo tẹ́ máàpù sórí imú tirakítọ̀ rẹ̀. Géètì tí a gbà wọlé rèé, igi ńlá yẹn rèé, ìlà rèé. "Sọfiyọ̀ ni mí. Orí ọ̀nà la dúró sí, tirakítọ̀ yín náà sì wà lórí rẹ̀." Mo sọ ọ́ tán. Kò tilẹ̀ wo máàpù. Ó ní òun á pe ọlọ́pàá.

Ni ìyàwó mi bá yọ ìró àǹkárá kan láti inú báàgì, ó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà gan-an, ó jókòó lé e. Ó kó búrẹ́dì jáde, ó kó ẹyin sísè jáde, ó ṣí agolo sadíìnì. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló lò fún ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ bá wa pè wọ́n, sà. A máa jẹun dè wọ́n."

"Mummy!" ni ọmọ mi wí. Ó wò mí bóyá màá gbé ìyá rẹ̀ dìde. Mo jókòó. Ni òun náà bá jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. A jẹun. Àwọn àgùntàn ń wò wá, ọkùnrin náà ń wò wá, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gbogbo pápá náà wá dákẹ́. A ṣa èèpo ẹyin wa, a ká ìró, a dìde.

Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré. Ìyàwó mi ní, "Daddy, ẹ rọra." Ìgbà yẹn ni òfin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tó bá sáré kọjá nínú oko olóko, olè ló jọ. Mo dín ẹsẹ̀ kù. A yí gba ẹ̀gbẹ́ tirakítọ̀, mo gbójú sókè sí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ mi, pẹ̀lú ahọ́n Amẹ́ríkà rẹ̀, gbà á lẹ́nu mi: "Ẹ kú iṣẹ́, sà!" N kò mọ ìgbà tí a ti rọra rìn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé tí a tún wọ̀ sí, mo ní kí obìnrin onílé bá mi mú tíì wá. Kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ó tẹ orí sí mi, ó ń retí. Èmi náà ń retí, mo wo ọmọ mi. Bọ́tà ló ń fi pa búrẹ́dì, kò gbé orí sókè. Ó ń gbọ́ wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ìdí tí òun á fi dá sí i. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, obìnrin náà sì lọ gbé tíì wá.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi wá nígbà tí a padà dé pé kí la rí. Koríko la rí, mo sọ fún wọn. Èmi àti aládùúgbò mi ṣì ń fa ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ti wọn ilẹ̀ mi tán, lójú rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Má pè mí ní akíkanjú. Mo kàn mọ̀ pé mo ti tọrọ àforíjì tó: mo tọrọ rẹ̀ nítorí ohùn mi, nítorí orúkọ mi tó gùn, nítorí òórùn ọbẹ̀ mi níbi iṣẹ́, nítorí pé mo dúró síbi tí mo dúró sí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ òmíràn lẹ́nu mi, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe fún un.