Ọtí Igi Tí Tíṣà Kọ̀ Láti Mu

Òórùn ìyẹ̀fun igi tó ń hó nínú omi bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Okokomaiko. Ó máa ń ta mọ́ni nímú, síbẹ̀ adùn kan wà nídìí rẹ̀, bíi ti ìrèké tó jóná. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì mi ni tíṣà onísáyẹ́ǹsì kan tó ń gbé ní Ìbà ti ń sè é nínú ìkòkò amọ̀. Owó epo rọ̀bì kún ìlú nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ a lè to sílé epo láti àárọ̀ di ọ̀sán ká má rí jálá kan rà. Wọ́n ní a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Àwa fi itọ́ bọ́ ọ dáadáa, ìyẹn ni tíṣà fi ní ká wá epo sínú igi.

Tíṣà ní ṣúgà wà nínú igi, ó kàn sá pamọ́ ni. Omi bátìrì ló fi ń lé e jáde. Tó bá sè é tán, a ó da eérú sí i kí ásíìdì inú omi bátìrì náà lè kú, nítorí bí kò bá kú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu tí a fẹ́ fi mú un kan kò ní ṣiṣẹ́. Tó bá ti kan, a ó tún gbé e kaná, a ó sì darí ooru rẹ̀ gba inú páìpù tútù kó lè di omi, bí àwọn Ègùn ṣe ń pọn ògógóró létí ọ̀sà. Ìgò mẹ́rin péré la rí. A rọ díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí mo fi ń fa omi, mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Tíṣà dì mọ́ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, bí a ṣe tún ń se òmíràn lórí iná, sójà mẹ́ta yà wọlé. Òórùn yẹn ló fà wọ́n. A ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé ìgò kan símú, ó rẹ́rìn-ín. Àṣà kan wà tí gbogbo agbègbè wa mọ̀: ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀. Ó na ìgò náà sí tíṣà.

"Óyá, kọ́kọ́ mu."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, this one no be drink o. Ẹ́ńjìnnì ni mo ṣe é fún. Ó lè fọ́ èèyàn lójú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Lójú wọn, ọlọ́tí tí kò lè mu ọtí ara rẹ̀, májèlé ló pọn. "O fẹ́ pa sójà, àbí?" Bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ bà á lójú, bàtà tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ bí àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe dún bí igi ìdáná tí wọ́n ṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ ta ìkòkò tó wà lórí iná, ó dà sí tíṣà lẹ́sẹ̀, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bó níṣojú mi. Wọ́n ń ti ẹnu ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń di eyín mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá," ó kígbe sí mi, "ẹ sọ fún wọn!"

Okùn ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí gbogbo Okokomaiko mọ̀ sí oníjà, n kò fà á. Kí n má purọ́ fún ọ: ara tèmi ni mo ń bẹ̀rù fún, mo sì tún ń rò ó pé bí wọ́n bá rí i pé ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ. Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde létí rẹ̀ ni mo tó fa okùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì bú, omi tú jáde lẹ́nu páìpù, ọwọ́ gbogbo wọn sì dúró.

Sójà àgbà wo ìgò, ó wo omi. "Ah, fún ẹ́ńjìnnì ni lóòótọ́," ó ní. Ó so bẹ́líìtì rẹ̀ padà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà kò kú. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé sójú pátákó fún àwọn ọmọ títí tó fi kó kúrò ní Ìbà, kò sì se igi mọ́. Kò bá mi wí rí. Bó bá ń tiro kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ì bá sàn kó bú mi. Nítorí mo mọ̀, òun náà sì mọ̀, pé ká ní mo ti fa okùn yẹn kí bẹ́líìtì tó kọ́kọ́ bà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni ẹ́ńjìnnì ì bá fi dáhùn.