Àǹtí Adéjọkẹ́ Lọ Wo Ọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ àǹtí mi Adéjọkẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n nájà lójú yín. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Attiégou ni wọ́n ti ń dáná fáwọn ọmọ, ṣùgbọ́n inú ọjà Adewui ni wọ́n dàgbà sí, lẹ́yìn ìyá wọn tó ń ta àwo. Wọ́n á gé iye tí ọlọ́jà dá lé ọjà sí méjì, wọ́n á pòṣé, wọ́n á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á máa lọ. Tó o bá rí lílọ yẹn, wàá rò pé ọkọ̀ òfúrufú ló ń dúró dè wọ́n. Kí wọ́n tó rìn débi ẹlẹ́ja, ọlọ́jà á ti máa fi ohùn ẹlẹ́kún pè wọ́n: "Màmá, ẹ bọ̀, ẹ bọ̀, ẹ wá mú un." Kò sẹ́ni tí kì í pè wọ́n padà.

Ìrẹsì àpò àti tòmátò inú agolo ni iléèwé ń kó fún wọn, òun náà ni wọ́n ń sè lójoojúmọ́. Ó wá sú àwọn ọmọ. Wọ́n á bu ṣíbí méjì jẹ, wọ́n á da ìyókù sínú garawa, wọ́n á sáré lọ sẹ́nu géètì lọ bá Màdáámù Beatrice tó ń ta búrẹ́dì pẹ̀lú sùpàgẹ́tì. Fàrúkù, ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ló bi Àǹtí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Tàǹtí, ṣé ìrẹsì àná lèyí àbí tòní?"

Ọ̀rọ̀ dé etí dìrẹ́ktọ̀, ọ̀gá iléèwé. Dìrẹ́ktọ̀ yìí, imú ló fi ń sọ̀rọ̀, á sì gbé ṣòkòtò sókè kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Ó ṣí garawa, ó wò ó. "Màdáámù Adéjọkẹ́, ó kún. Tá a bá ti ìsinmi Kérésì dé, tó ṣì kún báyìí, Màdáámù Beatrice ni màá gbé ilé ìdáná fún. Voilà, ó parí."

Àǹtí kàn dé garawa. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọn ò bú ẹnikẹ́ni nílé, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo ọmọ yẹn. Wọ́n mọ èyí tí kì í jẹ ata, wọ́n mọ èyí tí kì í rí nǹkan jẹ nílé kó tó wá.

Wọ́n lọ wá gbómà ní Adewui, ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ibí ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ. Gbogbo rẹ̀ ti rọ. Ẹni tó ń tà á sọ pé Légbassito ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ni Àǹtí bá gun ọ̀kadà, ó di Légbassito, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Augustin.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Augustin ni mo ti gbọ́ ọ. Bí Àǹtí ṣe ń sọ tiwọn, ó kúrú díẹ̀.

Augustin gbé kẹ́tùlù ìbomirin méjì lọ́wọ́, ó dá iye lé ẹ̀fọ́. Àǹtí gé e sí méjì. Augustin mi orí. Àǹtí pòṣé, wọ́n kẹ̀yìn, ó di lílọ.

Wọ́n kọjá ebè gbómà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n dín ẹsẹ̀ kù. Wọ́n kọjá àgbàdo, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọn yanrìn inú bàtà. Wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé. Wọ́n dúró wo ewúrẹ́ kan títí, bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún un. Wọ́n dé ojú títì.

"Tàǹtí, ṣé ká máa lọ?" ọlọ́kadà bi wọ́n.

"Ṣé mo ní ká máa lọ ni?"

Tí wọ́n bá lọ, ìrẹsì ni lọ́la, garawa á tún kún. Àǹtí yí padà.

Augustin ń bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀. "Màdáámù, mo rò pé ẹ ti lọ."

"Mo lọ wo ọ̀nà ni. Ọ̀nà yín dáa."

"Ọ̀nà tó kún fún kòtò yẹn?"

"Ìwọ náà, ṣé wọn kì í pe oníbàárà padà lábúlé yín ni?"

"Ẹni tó bá ní òun ń lọ, ṣé kí n so ó mọ́gi ni?"

Ni ẹ̀rín bá pa Àǹtí, ni wọ́n bá jókòó sórí ebè. Iye tí Augustin dá náà ni wọ́n gbà, wọ́n ní kó máa já ẹ̀fọ́ láàárọ̀, kó máa gbé e wá síléèwé tààrà. Àmọ́ Àǹtí ò lè ṣe kí wọ́n má bèèrè: "Ènì ńkọ́?"

Augustin bu ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ tí àwọn alájàpá kì í mú sí i. Lẹ́yìn náà lòun náà tẹ́wọ́. "Ènì tèmi ńkọ́?"

Ọlọ́jà kan ò bi Àǹtí bẹ́ẹ̀ rí.

"Igi lẹ fi ń dáná, àbí?" ni Augustin wí. "Eérú yín ni mo fẹ́, nítorí kòkòrò. Àti èèpo fún ilẹ̀ mi."

Bí gbómà pẹ̀lú ẹja yíyan ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn, pẹ̀lú ọkà àgbàdo àti ọ̀dùnkún díndín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fàrúkù lá àwo, ó tún lá ìka, ó wá bèèrè, "Tàǹtí, kí la máa jẹ lọ́la?"

Nígbà tí ìsinmi Kérésì parí, dìrẹ́ktọ̀ gbé ṣòkòtò rẹ̀ wá. Garawa kún débi pé ìdérí ò pa dé dáadáa. "Màdáámù, mo ti sọ fún yín." Ó ṣí i. Èèpo ọ̀dùnkún àti igi ẹ̀fọ́ ló bá níbẹ̀. Ó fi igi tú u wò títí dé ìsàlẹ̀.

"Oúnjẹ dà?"

"Ó wà nínú àwọn ọmọ, Mìsíọ̀."

Dìrẹ́ktọ̀ wo ìkòkò, wọ́n ti ha á. Ó jọ̀ ṣòkòtò sílẹ̀. "Ẹ máa sè é lọ nígbà náà." Lọ́jọ́ kejì, abọ́ tirẹ̀ ti dé ilé ìdáná kí aago ìjẹun tó lù.

Àǹtí ṣì ń kẹ̀yìn sí àwọn ọlọ́jà ní Adewui, àwọn yẹn ṣì ń fohùn ẹlẹ́kún pè wọ́n padà. Ṣùgbọ́n tí Augustin bá dé, ìdí garawa èèpo ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í kúrò níbẹ̀ títí á fi gbé e.