Òpó Tó Kù Lẹ́yìn Ilé Aránṣọ

Mi ò fẹ́ràn àwọn ará abúlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mi ò sì ní díbọ́n. Ilé mẹ́tàdínlógún péré ni, láàárín odò méjì, lábẹ́ àpáta. Àwọn lébìrà tó la títì ló kọ́kọ́ dó síbẹ̀. Iṣẹ́ parí, ọ̀gá wọn wọkọ̀ lọ, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ òkè odò ní ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n, ti ìsàlẹ̀ ní ti òkè ni.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba wá, wọ́n ri òpó sìmẹ́ǹtì kúkúrú mẹ́rin mọ́ igun abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ ní owó orí ló ń bọ̀ yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fọ́ mẹ́ta kúrò nílẹ̀. Ìkẹrin wà lẹ́yìn ilé aránṣọ, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí fọṣọ. Bíríkìlà abúlé ló ṣáájú wọn débẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Aránṣọ da omi ọṣẹ lé e lórí.

"Fọwọ́ kàn án, kí o wo ohun tójú ẹ máa rí!"

Láti ọjọ́ náà, amí ìjọba ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlá gbáko, ẹnikẹ́ni ò kí i. Wọ́n á gbé aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Mo bá a nídìí máṣìn lọ́jọ́ kan tó ń sunkún. Inú ṣì ń bí mi sí wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá fọ́ àpáta náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó ní àwọn òpó yẹn ni ààlà abúlé nínú ìwé ìjọba: bí wọ́n bá rí ojú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abúlé dúró; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Koríko ti bo gbogbo ẹ̀. Ni wọ́n bá rọ́ dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ.

"Ìyá, ẹ dákun," ni bíríkìlà wí.

Aránṣọ dìde nídìí máṣìn. Ó mú òṣìṣẹ́ náà lọ síbi tí wọ́n ti fọ́ òpó. Irin máṣìn rẹ̀ àtijọ́ ló ti ri sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fọ́ òpó, kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn ibi tí òpó wà. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá ìdí sìmẹ́ǹtì níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abúlé dúró.

Ojú òṣìṣẹ́ náà wá le. "Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá fọ́ òpó ìjọba. Ta ló fọ́ ọ, mà?"

Òógùn bo bíríkìlà. Aránṣọ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára rárá.

"Èmi lẹ ń bi, ọ̀gá?" ló wí. "Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Ó padà sídìí máṣìn rẹ̀.